Ẹ Jẹ́ Kó Máa Gbé Èrò: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín lórí Bọ́ọ̀sì Àtijọ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu bà á nínú abala yìí pé èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń tún Routemaster kan, bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì ti London, ṣe nínú abà oko kan ní Kent, lẹ́tà ò yéé wọlé. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pàdé: Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, lórí Bedford tí wọ́n kan pákó lé, bọ́lẹ́kájà tí gbogbo wa mọ̀. Mo dé London ní 1976, iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ni mo sì ṣe ní gáréèjì kan ní gúúsù ìlú náà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀ ń náwó lórí bọ́ọ̀sì tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún? Níbi tiwa, mọ́tò tó bá ti kú tán, àwọn onírin ló ń gbé e. Kí ló wà lára Routemaster tí ẹ ò fi jẹ́ kó bá àwọn yòókù lọ? (Olùkọ́ kan, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní onírin. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn àgbàlá onírin ní agbègbè Barnsley, ní Yorkshire, gé Routemaster wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n sì tà á ní ìwọ̀n. Àwọn kan ríbi sá lọ sí Scotland, wọ́n ń gbé èrò ní Glasgow àti Perth. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ṣẹ́kù lónìí, owó àpò ara wọn làwọn kan fi rà á kí iná agéírin tó kàn án.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí a fi ń jà fún un, àfi kó mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. London Transport, iléeṣẹ́ tó ń darí bọ́ọ̀sì London nígbà náà, ò lọ ra bọ́ọ̀sì yìí lọ́jà. Àwọn fúnra wọn ló jókòó tí wọ́n yàwòrán rẹ̀ fún òpópónà ìlú tiwọn. A. A. M. Durrant ló ṣáájú àwọn ẹnjiníà, Colin Curtis wà lára wọn, Douglas Scott ló fún un ní ìrísí, títí kan aṣọ àga rẹ̀. Iléeṣẹ́ AEC ní Southall pèsè ẹ̀rọ, iléeṣẹ́ Park Royal kan ara. Wọ́n fi àkọ́kọ́, RM1, han aráyé ní Earls Court ní 1954. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì 1956, lójú ọ̀nà nọ́ńbà 2, láàárín Golders Green àti Crystal Palace. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣe èyí tó kẹ́yìn ní 1968, wọ́n ti ṣe 2,876.

Lára Bedford tí mo fi kọ́ṣẹ́, ṣásí, ìyẹn férémù irin abẹ́ mọ́tò, ni gbogbo nǹkan. Ẹ tú pákó kúrò lórí rẹ̀, ẹ jókòó lé àpótí, ẹ ó wà á délé. Routemaster kò ní ṣásí. Ara rẹ̀ gan-an ni egungun rẹ̀. Níwájú, férémù irin kan wà tí wọ́n ń pè ní A, òun ló gbé ẹ́ńjìnnì, sítíárìn àti ẹsẹ̀ iwájú. Lẹ́yìn, férémù B gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de àwọn méjèèjì mọ́ ara tó jẹ́ alumíníọ̀mù. Ogun ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n yẹn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì London wà lára àwọn tó ń to ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́ńbù Halifax, wọ́n sì rí i bí alumíníọ̀mù ṣe ń fúyẹ́ tó sì ń lágbára. Èyí ló jẹ́ kí Routemaster lè ní ìjókòó 64, 36 lókè, 28 nísàlẹ̀, kó má sì wúwo ju RT tó ṣáájú rẹ̀, tí ìjókòó tirẹ̀ jẹ́ 56. Wọ́n fún un ní sítíárìn tí ẹ̀rọ ń ràn lọ́wọ́, jíà tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀, àti sípíríǹgì tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan máa dá rìn lójú kòtò. Ní 1956! Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àwọn olówó ò ní ìdajì rẹ̀.

Wọ́n sì ṣe é kó ṣeé tú. Aldenham, lẹ́bàá Elstree ní Hertfordshire, ni wọ́n ń kó bọ́ọ̀sì London lọ fún àtúnṣe ńlá láti 1956 títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa ní 1986. Ilé yẹn wà lára ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ Halifax nígbà ogun. Bọ́ọ̀sì á wọlé, wọ́n á fi kéréènì gbé ara rẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń dojú ara RT dé ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n lè fọ abẹ́ rẹ̀. Ara á lọ sọ́dọ̀ àwọn panẹbítà, férémù á lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ irin, wọn ò sì ní í dúró de ara wọn. Ara tó bá kọ́kọ́ yá ni wọ́n á gbé lé ẹsẹ̀ tó bá kọ́kọ́ yá, wọ́n á kan nọ́ńbà mọ́ ọn, ó di ojú títì. Bọ́ọ̀sì tó wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà kan lè tipa bẹ́ẹ̀ jáde pẹ̀lú ara tó ti jẹ́ ti òmíràn. Àwọn olùkójọ máa ń fi èyí jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú: èwo ni ojúlówó? Èmi kì í bá wọn dá sí i. Àwọn ará Aldenham ò wá ojúlówó kankan, bọ́ọ̀sì tó máa jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ń wá. Ibi tí mo dúró sí náà nìyẹn. Àtúnṣe tí kò bá ní jẹ́ kí bọ́ọ̀sì padà gbé èrò, ọ̀dà ni wọ́n kùn ún, wọn ò tún un ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, bàbá mi ṣiṣẹ́ bọ́ọ̀sì ní London ní àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kó tó di olóògbé. Nínú ẹrù rẹ̀ mo rí bájì roboto kan, etí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Kí ni bájì yìí? Irú iṣẹ́ wo ni bàbá mi ṣe? (Ìyá Ìbejì, Peckham)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ni wọ́n. Bájì dírẹ́bà ní etí pupa, ti kọ̀ńdọ́kítọ̀ ní etí aláwọ̀ ewé, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó ni ín nìkan. Àyà ni wọ́n ń fi í sí, kí èrò lè rí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á lọ́wọ́ yín.

Iṣẹ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Dírẹ́bà wà nínú àpótí tirẹ̀ níwájú, gíláàsì pín in níyà pẹ̀lú èrò, kò gbọ́ nǹkan kan àfi agogo. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ló ni bọ́ọ̀sì tó kù: òkè, ìsàlẹ̀, àtẹ̀gùn tó yí kọ́rọ́, àti àbáwọlé ẹ̀yìn tí kò ní ilẹ̀kùn. Ó ń fi agogo bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan, dúró níbùdókọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì, máa lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta, mo ti kún, má dúró mú ẹnikẹ́ni. Bí ó bá lù ú nígbà tí ìyá arúgbó kan ò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé, ọrùn rẹ̀ ni ọ̀ràn náà wà.

Ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé kọ́ àyà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Gibson. George Gibson ló ṣẹ̀dá rẹ̀, òṣìṣẹ́ London Transport ni òun náà. Ẹ̀rọ náà wọ iṣẹ́ ní 1953, wọn ò sì fi í sílẹ̀ pátápátá títí di 1993. Kó tó dé, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń ru pákó tí tíkẹ́ẹ̀tì oríṣiríṣi owó tò lé, ó ń já a lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ Gibson fúnra rẹ̀ ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì sára bébà funfun lásán: kọ̀ńdọ́kítọ̀ á yí iye owó, á yí nọ́ńbà ibùdókọ̀, á yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tíkẹ́ẹ̀tì jáde. Irin ni ẹ̀rọ ọ̀hún, awọ ni okùn rẹ̀, ẹ wá fojú inú wo ẹni tó ń gbé e gun òkè, sọ̀ kalẹ̀, láti ìdájí. Àwọn àgbà kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí mo bá ní gáréèjì, mo mọ ìrora èjìká wọn dáadáa. Iṣẹ́ tún wà tí wọ́n ń pín sí méjì: wàá ṣe ti àárọ̀ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ síbi iṣẹ́, wàá sinmi láìgbowó lọ́sàn-án, wàá padà ṣe ti ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ ti tán mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ẹ ti ka nípa àwọn ará Barbados, tí London Transport lọ gbà síṣẹ́ ní erékùṣù wọn láti 1956. Wọn ò wá sí Nàìjíríà láti wá gbani bẹ́ẹ̀. Àwọn tiwa tó ṣe é, ìwé ni púpọ̀ nínú wọn wá kà, wọ́n wá ń fi bọ́ọ̀sì wá owó ilé àti owó ìwé. Bóyá ìdí tí bàbá ò fi sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹlòmíràn rò pé amòfin lòun wá dà, kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé pé tíkẹ́ẹ̀tì lòun ń já. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bá wọn tijú. Ìlú yìí ò lè jí láàárọ̀ láìsí wọn.

Ẹ wá àwòrán tí bàbá ti wọ kóòtù iṣẹ́, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ bá dá mọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, àti gáréèjì tó jẹ́, kí ìyá yín tó gbàgbé. London Transport Museum ní Covent Garden ní àkójọ àwòrán ńlá, ẹ lọ wo bóyá ẹ ó rí gáréèjì bàbá níbẹ̀. A mọ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó jáde àti ọjọ́ tó kú. Orúkọ àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ni a ò mọ̀, ó sì ń dùn mí.

(Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó kọ̀wé láti Woolwich bèèrè ìgbà tí obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wà bọ́ọ̀sì London. Àwọn obìnrin ti jẹ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀ nígbà ogun méjèèjì, ṣùgbọ́n 1974 ni Jill Viner di obìnrin àkọ́kọ́ tí London Transport fi sídìí sítíárìn láti máa gbé èrò.)

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, mẹkáníìkì ni èmi náà. Ẹ kọ ọ́ nígbà kan pé RT ní pẹ́dàlì mẹ́ta, síbẹ̀ kò ní clutch. Báwo wá ni jíà ṣe ń wọlé? Èkejì, iléeṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá sílé, níbo lẹ ti ń rí páàtì? (Láti Àgódì Gate, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ọmọ ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n jókòó ti èyí dáadáa.

Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì RT, àwo irin méjì tó jinnú ló dojú kọ ara wọn, bí igbá méjì tí wọ́n fẹ́ dé pọ̀. Fluid flywheel ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan so mọ́ ẹ́ńjìnnì, èkejì so mọ́ gearbox, wọn ò sì kan ara wọn. Ọ́ìlì nìkan ló wà láàárín wọn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra yí, ọ́ìlì yẹn ò ní agbára tó lè gbé bọ́ọ̀sì. Bí dírẹ́bà bá tẹná, àwo àkọ́kọ́ á ju ọ́ìlì lu èkejì, bọ́ọ̀sì á gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́, láìta, láìgbọ̀n. Ẹ lè wà nínú jíà kí ẹ sì dúró, ẹ́ńjìnnì ò ní kú.

Gearbox yẹn wá láti ọwọ́ Walter Wilson, ẹni tó wà lára àwọn tó ṣẹ̀dá ọkọ̀ ogun onírin ní Ogun Àgbáyé Kìíní. Nínú rẹ̀, eyín jíà kì í tú kúrò lára eyín jíà. Yàtọ̀ sí jíà tó ga jù, jíà kọ̀ọ̀kan ní bẹ́líìtì irin tó yí ìlù kan ká. Bí bẹ́líìtì bá fún ìlù náà pa, jíà yẹn ti wọlé. Dírẹ́bà á yan jíà tó fẹ́ sílẹ̀ lára ọ̀pá kékeré tó wà lábẹ́ sítíárìn. Kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ó lè rí òkè níwájú kó ti yan jíà kejì sílẹ̀ kó tó débẹ̀. Ìgbà tó bá tẹ pẹ́dàlì òsì tó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú táǹkì á ti bẹ́líìtì àtijọ́ sílẹ̀, á fún tuntun. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà, èrò ò ní mọ̀ pé jíà yí padà.

Ibi tó ń yọ wá lẹ́nu ni síìlì flywheel. Bí dírẹ́bà bá fi bọ́ọ̀sì sínú jíà níbi iná ojú títì, tó tún ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì á gbóná, síìlì á jó, ọ́ìlì á máa kán sílẹ̀. Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń wà á kó padà sí neutral tó bá ti dúró. Bẹ́líìtì náà ń jẹ, ṣùgbọ́n Wilson fi ohun kan sínú rẹ̀ tó ń fún un fúnra rẹ̀: ẹ dá bọ́ọ̀sì dúró, kí ẹ́ńjìnnì máa yí, ẹ yan jíà kan, ẹ tẹ pẹ́dàlì yẹn léraléra, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń fún ara rẹ̀ mọ́ra. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo jíà. Kò sí ìwé tó lè kọ́ yín ní ohùn yẹn. Àgbà mẹkáníìkì kan ló fà mí létí sún mọ́ ọn, ó ní, "Gbọ́ ọ." Èmi náà ti fa àwọn ọ̀dọ́ létí sún mọ́ ọn.

Ní ti páàtì. Òótọ́ lẹ sọ. AEC ti ilẹ̀kùn Southall ní 1979, Park Royal tẹ̀ lé e ní 1980, iléeṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ọ̀sì ní Bristol parí ní 1983. Bọ́ọ̀sì tó ti kú ló ń bọ́ èyí tó wà láàyè. Ọgbọ́n Aldenham ló ń gbà wá: nítorí pé wọ́n ti ṣe é kí páàtì bọ́ọ̀sì kan lè wọ èkejì, ohun tí a bá tú lára ọ̀kan, kò ní í pẹ́ kó bá òmíràn mu. Ohun tí kò bá sí rárá, àwọn tó ní irú bọ́ọ̀sì kan náà á dá owó jọ, wọ́n á jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ òde òní dà á ní tuntun fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan dá a ṣe, owó á pa á.

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Routemaster púpọ̀ jáde pẹ̀lú AV590 ti AEC, 9.6 lítà. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, wọ́n yọ ọ́ lára ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n fi Cummins tàbí Iveco sí i, kí wọ́n lè pẹ́ sí i lójú ọ̀nà. Ìpinnu tó bọ́gbọ́n mu ni. Àmọ́ ohùn rẹ̀ yí padà, ẹni tó bá mọ ohùn AEC nígbà tó ń gun òkè kò lè ṣì í mọ̀. Cummins ló wà nínú tiwa nígbà tí a rà á. A ti wá AV590 kan rí, ó wà lórí ìdúró irin nínú abà, a ti tú u, a ti tún un tò, ó kù kí a gbé e wọlé.

Ohun tó yọ wá lẹ́nu jù lára bọ́ọ̀sì wa, àbáwọlé ẹ̀yìn ni. Àwọn èèyàn rò pé alumíníọ̀mù ò lè bàjẹ́. Kì í dógùn-ún bí irin lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí irin àti alumíníọ̀mù bá ti fara kanra, tí omi òjò tàbí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù wọ àárín wọn, alumíníọ̀mù ló ń san gbèsè. Á jẹra láti inú, á di ìyẹ̀fun funfun, ọ̀dà òde á ṣì máa dán. Ẹ fi òòlù kékeré kàn án, ohùn rẹ̀ á sọ fún yín. A gé gbogbo rẹ̀ kúrò, a fi tuntun kàn án pẹ̀lú ríbẹ́ẹ̀tì, a sì fi ohun kan tí kì í jẹ́ kí irin kan alumíníọ̀mù sí gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Férémù A àti B, irin ni wọ́n, wọ́n dógùn-ún bó ṣe yẹ irin. Ẹ ha á, ẹ wò ó bóyá ó ti sán, ẹ kùn ún.

Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ọ̀pá àbáwọlé tí ọwọ́ èrò ti mú dán. Ọ̀dọ́ kan nínú wa fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun, mo bẹ̀ ẹ́. Ohun tí kò bá léwu, ẹ jẹ́ kó fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan tí mo ní sí yín, nítorí pé Ìbàdàn lẹ wà. Leyland ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń to mọ́tò ní Ìbàdàn nígbà kan, Bedford sì kún ìlú wa bámúbámú. Bọ́lẹ́kájà tí mo fi kọ́ṣẹ́, mi ò rí ọ̀kan kí n fi han àwọn ọmọ mi. Tí ẹ bá rí ṣásí Bedford àtijọ́ kan lẹ́yìnkùlé ẹnì kan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Àwọn kápẹ́ńtà tó mọ bí wọ́n ṣe ń kan pákó rẹ̀ ti dàgbà gan-an, a sì gbọ́dọ̀ bá wọn nílé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Yunifásítì ni mo wà ní Bristol. Wọ́n sọ fún wa pé àwọn aláwọ̀ dúdú kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì ìlú yìí ní 1963. Irú bọ́ọ̀sì wo ni, ṣé ó ṣì wà? (Akẹ́kọ̀ọ́, Bristol)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, òtítọ́ ni. Bristol Omnibus Company kì í gba aláwọ̀ dúdú tàbí ará Éṣíà sí iṣẹ́ dírẹ́bà àti kọ̀ńdọ́kítọ̀. Guy Bailey, ọ̀dọ́kùnrin ará Jàmáíkà, lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Nígbà tí wọ́n mọ irú ẹni tó jẹ́, wọ́n fagi lé e. Paul Stephenson, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, pẹ̀lú Roy Hackett, Owen Henry àtàwọn mìíràn, pe aráàlú pé kí wọ́n má wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Ìparí oṣù Kẹrin ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ, iléeṣẹ́ náà kéde pé àwọn ò ní í fi àwọ̀ dáni lọ́nà mọ́, ọjọ́ kan náà tí Martin Luther King sọ̀rọ̀ àlá rẹ̀ ní Washington. Raghbir Singh, ọmọ ẹ̀sìn Sikh, ni kọ̀ńdọ́kítọ̀ àkọ́kọ́ tó wọlé lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹsàn-án. Òfin ìjọba lórí ẹlẹ́yàmẹ̀yà dé ní 1965, ti 1968 sì fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ilé kún un.

Lodekka wà lára bọ́ọ̀sì tó ń rìn níbẹ̀ nígbà náà, aláwọ̀ ewé. Ìlú Bristol ni wọ́n ti ṣe ṣásí rẹ̀, Lowestoft ni wọ́n ti kan ara lé e. Wọ́n rẹ ilẹ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ débi pé ó lè gba abẹ́ afárá kúkúrú kọjá kí orí èrò má sì lu àjà. Ọ̀pọ̀ ló ṣì wà, wọ́n sì ń rìn. Ìgbàkígbà tí mo bá rí ọ̀kan níbi àpéjọ, tí ìwé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kún fún ìtàn ẹ́ńjìnnì nìkan, mo máa ń bá olówó rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kó fi ti 1963 sí i. Àwọn kan ti gbọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo lọ kí àwọn olórìṣà ní Havana. Bàbálórìṣà àgbà kan sọ fún mi pé bọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lòun ń wọ̀ ní ìgbà èwe òun. Ṣé ó rí bẹ́ẹ̀? (Láti Houston, Texas)

ÌDÁHÙN: Ó rí bẹ́ẹ̀. Ní 1964, Leyland ta bọ́ọ̀sì tó lé ní 400 fún Kúbà, inú ìjọba Amẹ́ríkà ò sì dùn sí i rárá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ọkọ̀ ojú omi Magdeburg, ti Ìlà-oòrùn Jámánì, kó 42 nínú wọn, ó ń jáde lọ lórí odò Thames, ni ọkọ̀ Japan kan bá kọ lù ú, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tòun ti bọ́ọ̀sì. Àwọn yòókù dé Havana. Ẹ bá mi kí bàbá.

ÌBÉÈRÈ: Ta ló ní kí wọ́n kó Routemaster kúrò ní London? Ìwà ìkà ni. (Láti Croydon)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, mo wà ní Brixton lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 2005, nígbà tí RM2217 wọ gáréèjì. Òun ló gbẹ̀yìn lójú ọ̀nà 159. Èrò dí títì pa débi pé ó ń rákò bọ̀, àwọn àgbàlagbà ń sunkún. Ó dun èmi náà.

Ṣùgbọ́n mi ò ní í pè é ní ìkà. Ẹ wo àbáwọlé ẹ̀yìn yẹn: ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ kò lè gun un láé. Ìyá tó ní ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ àti ẹrù ọjà lọ́wọ́, àfi kó ká kẹ̀kẹ́ pọ̀. Èèyàn sì máa ń ṣubú láti ibẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń bẹ lójú títì báyìí ń sún ara rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ó sì ní pákó tó ń yọ jáde, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Owó kọ̀ńdọ́kítọ̀ náà wà níbẹ̀, ohun tó dùn mí jù sì nìyẹn, tórí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ló ń ṣọ́ ọmọ ilé ìwé àti arúgbó lóru. Tìtorí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ni ká ṣe sunkún.

ÌBÉÈRÈ: Màá wá kí ọmọ mi ní London lọ́dún tó ń bọ̀. Níbo ni mo ti lè rí àwọn bọ́ọ̀sì yìí, kí n sì wọ̀ wọ́n? (Bàbá fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ káàbọ̀ sílẹ̀. London Bus Museum wà ní Brooklands, Weybridge, ní Surrey. Ẹ ó rí bí bọ́ọ̀sì ṣe ti ìgbà ẹṣin wá di ti ẹ́ńjìnnì. Tí ọmọ yín bá ń gbé lápá àríwá, ẹ lọ sí Museum of Transport ní Boyle Street, Manchester. Imperial War Museum ló ni B43 tí wọ́n ń pè ní Ole Bill: bọ́ọ̀sì London ni, irú rẹ̀ ni wọ́n fi kó sójà lọ sí ojú ogun ní Fáránsé àti Bẹ́ljíọ̀mù. Òmíràn nínú irú rẹ̀, B2737, ni London Transport Museum tún ṣe ní 2014, ó sì padà lọ sí ojú ọ̀nà ogun náà.

Ní ti wíwọ̀, ẹ gbìyànjú kí oṣù Kẹjọ bá yín níbí. Ọjọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí Routemaster ń ti Warminster, ní Wiltshire, gbé èrò lọ sí Imber. Àwọn ọmọ ogun kó àwọn ará abúlé Imber jáde ní oṣù Kejìlá 1943 kí wọ́n lè máa fi ibẹ̀ dánra wò, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n padà mọ́. Láti 2009 ni bọ́ọ̀sì àtijọ́ ti ń lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ọrẹ àánú sì ni owó tí wọ́n bá rí. Ẹ tètè jí, ìlà máa ń gùn. Ẹ ti owó tíkẹ́ẹ̀tì mọ́wọ́, kọ̀ńdọ́kítọ̀ á wá bá yín níbi tí ẹ jókòó sí, pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀ láyà. Tí orúnkún bá gbà, ẹ gun òkè, kí ẹ jókòó ní ìlà iwájú lápá ọ̀tún, orí dírẹ́bà gan-an. Tí ọmọ-ọmọ yín bá bá yín lọ, ẹ ní kí dírẹ́bà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún un nígbà tí bọ́ọ̀sì bá dúró. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa sọ pé rárá.